Ọ̀rá Ojú Fèrèsé Beatrice

Durumi, Àbújá,
6 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Akóredé,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìfojúkanra. Mo ti kí yín tán o. Mi ò ní kí yín mọ́ nínú lẹ́tà yìí, torí inú ìkíni ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ irọ́.

Bàbá ti kú. Ọjọ́ kejìlá oṣù tó kọjá ni, ọjọ́ Àtàláátà. Wọ́n ń to ọsàn sórí tábìlì wọn ní ọjà Zuba, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọn ò sì dìde mọ́. A ti sin wọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Lẹ́tà tí mo kọ sí yín lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, tí mo ní Bàbá ní kí ẹ máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, irọ́ ni. Èyí tí mo ní wọ́n ń fi fọ́tò yín han àwọn oníbàárà, irọ́ ni. Èyí tí mo ní wọ́n ń bínú pé ẹ ò tíì mú ìyàwó wá, irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò jìnnà sí òótọ́.

Àbúrò Bàbá, Bàbá Jàbárù, ló kó gbogbo wa jọ lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ máa sáré wálé, ìwé ìgbélùú tí ẹ ń dúró dè á sì bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Wọ́n ní a kì í túfọ̀ fún ọmọ tó wà lẹ́yìn odi bẹ́ẹ̀ yẹn. Bọ̀dá Toheeb tí a jọ ń gbé inú ọgbà náà bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Bàbá ni. Ìyá ló sì ń sọ ohun tí mo máa kọ fún mi. Ìyá ló rántí ìbọ̀sẹ̀.

Mi ò lè ṣe é mọ́. Bí mo bá ti mú bírò, ohùn Bàbá á kàn máa bọ̀ ni, mi ò ní ronú rárá. Ẹ̀rù ara mi wá ń bà mí.

Ìyá ń ṣe opó. Wọn kò gbọdọ̀ jáde títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá á fi pé. Ẹ sì mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò wọ yàrá wa mọ́ látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé alájà méje onígíláàsì yẹn síwájú wa. Inú ìwé ni mo ń kọ lẹ́tà sí, màá yà á ní fọ́tò, màá wá rìn dé ẹ̀bá títì kó tó lè lọ. Nítorí náà ẹ ò lè pe Ìyá. Ẹ kọ̀wé sí wọn, màá kà á fún wọn.

Ẹ bú mi tán, kí ẹ wá kọ̀wé sí Ìyá.

Àbúrò yín,
Ummulkhulthum.


Oulu, Finland,
8 Oṣù Kẹsàn-án.

Ummu,

Mo ti gbọ́.

Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ooru ṣì mú, mo ní bàbá mi ló ní kí n wọ̀ ọ́. Bàbá mi tó ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ilẹ̀!

Ó wá jẹ́ pé ẹ jókòó yí ìwé ká, ẹ ń fi ọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu. Ìyá pàápàá.

Má kọ̀wé sí mi mọ́, ìwọ tàbí ẹnikẹ́ni nínú yín. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbàgbọ́ níbẹ̀.

Akóredé.


Durumi,
21 Oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìbínú. Mo mọ̀ pé kò sí irú ìkíni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni kí n sọ?

Mi ò ka lẹ́tà yín fún Ìyá. Bí mo bá kà á, ó máa pa wọ́n. Mo ní ẹ ò tíì fèsì. Ẹ ò rí i, mo ní mi ò parọ́ mọ́, mo tún ti pa òmíràn.

Bí mo bá ti ẹ̀bá títì dé, ojú mi ni Ìyá kọ́kọ́ máa ń wò.

“Ṣé ó ti gbọ́ nípa bàbá rẹ̀?”

“Ó ti gbọ́, Ìyá.”

“Kí ló wí?”

“Kò tíì kọ̀wé.”

“Ó gbọ́, kò sì wí nǹkan kan? Akóredé?”

Màá wá lọ sẹ́yìn ilé lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ̀ pé mi ò parí iléèwé, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bẹ èèyàn. Ìlà kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ. Ẹ kọ “Ìyá, ẹ kú ọ̀fọ̀.” Ẹ má dárúkọ mi níbẹ̀ bí ẹ ò bá fẹ́.

Ummu.


Durumi,
12 Oṣù Kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mò ń kà á.

Ìyá ní ẹ ti kú.

Àná ni wọ́n sọ ọ́. Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, kí n wá jókòó. Mo jókòó.

“Ọjọ́ wo ni ẹ̀gbọ́n rẹ kú?”

“Há! Ìyá, ẹ̀gbọ́n mi ò kú o!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fi Ọlọ́hun búra, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní, “Ummu, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ta ló ní kí o fi ìbọ̀sẹ̀ sí i kó lè dà bí òótọ́? Má fi ohun tí mo kọ́ ọ ṣe mí. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú, tó gbọ́, tí kò sọ pé ìyá òun kú ọ̀fọ̀, ọmọ náà ò sí mọ́ ni. Jàbárù ti gbọ́, gbogbo yín ti gbọ́, ẹ ń dúró kí n parí opó bàbá rẹ̀ kí ẹ tó sọ fún mi.”

Mo wá sáré mú lẹ́tà tí ẹ fi bú wa, mo kà á láti òkè délẹ̀. Wọ́n tẹ́tí sí i. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, “O kọ ọ́ dáadáa. O ti ń mọ̀ ọ́n kọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

Láti àná wọn ò jẹun. Omi ni, àti ẹ̀kọ mímu díẹ̀ tí wọ́n ń dà sẹ́nu kí n má baà sunkún. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe Alfa Saeed pé Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá ni àwọn fẹ́ fi ṣe fìdáù yín. Alfa ní, “Ìyá Akóredé, a kì í ṣe àdúrà òkú fún alààyè.” Ìyá ní, “Ẹ gbé alààyè náà wá kí n rí i.”

Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá wà láàyè ẹ fèsì. Ẹ wo ohun tí mo kọ. “Bí ẹ bá wà láàyè.” Èmi náà ti ń sọ ọ́.

Ummu.


Oulu,
13 Oṣù Kẹwàá.

Ummu mi,

Mo wà láàyè. Mo kọ ọ́ tán, mo wò ó, ojú tì mí. Èmi ni mo fi ìdákẹ́jẹ́ pa ara mi. Gbogbo lẹ́tà rẹ ni mo kà, màá kà á tán màá da fóònù dojú bolẹ̀. Mo ní kí ẹ jẹ ìyà díẹ̀. Mi ò mọ̀ pé Ìyá ni ìyà náà ń jẹ.

Mo fi ohùn mi ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, àti fọ́tò tí mo yà láàárọ̀ yìí níbi iṣẹ́. Gbé e délé, kí Ìyá gbọ́ ọ.

Mi ò sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún yín rí, torí ẹ rò pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni mo dojú kọ. Gíláàsì ni mò ń nù. Bí mo bá nù ún tán, màá lẹ ọ̀rá kan mọ́ ọn. Ọ̀rá náà mọ́ gaara, bí o bá dúró níwájú rẹ̀ òde nìkan ni wàá máa rí. Ṣùgbọ́n wáyà wà nínú rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọlu gíláàsì lásán, bíi ti ilé iwájú wa yẹn, ibi tó bá rí ló máa ta sí. Bó bá kọlu ọ̀rá yìí, ibi tí a bá ní kó yà sí ló ń yà sí. Àpótí kékeré kan wà tí a fi ń darí rẹ̀. A ó tẹ nọ́ńbà, á yà sọ́tùn-ún, a ó tẹ òmíràn, á yà sósì. Àwọn onímọ̀ kan ló ń dán an wò ní àwọn ilé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ yàrá wọn, èmi sì ni mò ń gun àkàbà lẹ̀ ẹ́ fún wọn.

Mo máa tọrọ ẹyọ kan lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Bí ohùn tí mo fi ránṣẹ́ yìí bá tó, kò burú. Bí kò bá tó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wọ yàrá Ìyá, kí wọ́n bi mí léèrè kí n sì dá wọn lóhùn.

Ní kí wọ́n jẹun. Ní èmi ni mo wí.

Akóredé.


Durumi,
19 Oṣù Kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ ṣé tí ẹ fèsì. Mo sunkún ní ẹ̀bá títì débi pé ọlọ́kadà kan fi Haúsá bá mi kẹ́dùn, ó ní “sànnu”.

Ohùn yín ò tó.

Mo fi fóònù sí ẹ̀gbẹ́ etí Ìyá. Ẹ ní, “Ìyá, èmi Akóredé ni.” Ìyá ní, “Akóredé, ṣé o ti jẹun?” Ẹ̀yin ń bá tiyín lọ, ẹ ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Wọ́n tún ní, “Mo ní ṣé o ti jẹun?” Ẹ ní òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bá gbé fóònù kúrò létí. Wọ́n ní, “Ohùn tí kò lè dúró gbọ́ ìbéèrè, ohùn àtijọ́ ni. Ohùn bàbá rẹ náà ṣì wà nínú fóònù Jàbárù tó ń dúnàádúrà ọsàn.”

Fọ́tò ńkọ́? Ẹ wọ aṣọ funfun. Ẹ ò rí aṣọ mìíràn wọ̀ níbi iṣẹ́ yín? Ìyá wò ó títí, wọ́n wá ní, “Ta ló wọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn?”

Mo ka ọ̀rọ̀ ọ̀rá náà, inú sì bí mi. Ẹ ń gun àkàbà kí àwọn ará Finland lè gbọ́ ara wọn. Ẹ má bínú. Tàbí kí ẹ bínú bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́ mọ́.

Apá Ìyá ti kéré. Ẹ̀gbà ọwọ́ wọn ti ń yọ fúnra rẹ̀. Ẹ bá wa wá ọ̀rá náà.

Ummu.


Oulu,
2 Oṣù Kọkànlá.

Ummu,

Mo ti rí i gbà. Ó fẹ̀ tó ẹní ìkírun. Ìlà wáyà kan ti kú lára rẹ̀, ìdí rèé tí ọ̀gá mi fi gbà kí n mú un. Afeez, ọmọ Ìlọrin tó ń kàwé níbí, ló ń gbé e bọ̀. Ó ti rí mi lójúkojú, a jọ jẹun lánàá, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá.

Fara balẹ̀ ka èyí. Má lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tiyín, kò ní ṣiṣẹ́. Ibi tó bá rí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó sì tún rí fèrèsé Ìyá, ibẹ̀ ni kó wà. Fèrèsé òkè Beatrice aránṣọ, tó kọjú sí wa ní òdìkejì ọ̀nà, ló dáa jù. Nu gíláàsì rẹ̀ kó gbẹ kí o tó lẹ̀ ẹ́. So àpótí tó ń darí rẹ̀ mọ́ báńkì iná, èyí tí ẹ fi ń gba iná sí fóònù. Nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún ló wà lórí rẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan títí fóònù á fi mú un.

O lè máa bi mí ní ọkàn rẹ pé kí ló dé tí mi ò wá fúnra mi. Pásípọ́ọ̀tù mi ti parí láti oṣù Kẹfà. Oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀ ni àwọn ẹ́ḿbásì Nàìjíríà dá fún mi láti wá ṣe òmíràn. Mo ti bẹ̀ wọ́n. Mo ní ìyá mi ń kú lọ. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Akóredé.


Durumi,
23 Oṣù Kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọgbọ́n orí! Ó ṣiṣẹ́!

Ẹ jẹ́ kí n tò ó. Afeez dé lọ́jọ́bọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, ó ní ẹ̀yin méjèèjì jọ jẹ ìrẹsì. Ìyá ní, “Ọmọ dáadáa ni ọ́. Toheeb náà, ọmọ dáadáa ni, òun ló sọ fún Akóredé pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.” Wọ́n ní kí n fún un lómi tútù. Àánú Afeez ṣe mí. Kò mọ ibi tó máa wò.

Mo gbé ọ̀rá náà lọ bá Beatrice. Ó nà án sókè, ó wo ojú mi láti inú rẹ̀, ó ní, “Ummu, na this nylon go carry network come?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bí kò bá gbé e wá òun á fi bo máṣíìnì òun. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló nu gíláàsì. Bí a ṣe lẹ̀ ẹ́ tán, a ò rí i mọ́. Ó fọwọ́ kàn án kó lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo sáré padà sọ́dọ̀ Ìyá, mo gbé fóònù sókè. Beatrice ń pariwo láti òkè.

“Seven!”

“Kò sí!”

“Eight!”

“Kò sí!”

Ìyá ní, “Kí lẹ̀yin méjèèjì ń tà?” Ẹ̀gbọ́n mi, ó pẹ́ tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ tó pa mí lẹ́rìn-ín.

Nígbà tó dé mọ́kànlá, ìlà kan yọ lójú fóònù, ó di méjì, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fi rán mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé gbàràgbàrà. Nínú yàrá Ìyá! Mo jókòó sílẹ̀.

Ẹ pè wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ní aago méjì, bí wọ́n bá kírun tán. Ẹ fi àwòrán pè, kí Ìyá rí yín. Ẹ má wọ funfun.

Ummu.


Durumi,
29 Oṣù Kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àná.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò rí wa, ẹ ní dúdú ni ojú fóònù yín. Màá sọ ohun tí ẹ ò rí.

Ìyá wẹ̀. Wọ́n da aṣọ borí. Nígbà tí ojú yín yọ, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, lórí gíláàsì fóònù, wọ́n ń fi àtàǹpàkò wá àpá tó wà ní iwájú orí yín. Wọ́n ní, “Akóredé.” Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Mo ti ń ronú ohun tí màá sè.

Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán yín dúró. Ẹnu yín là sílẹ̀, ojú kan pa dé àbọ̀. Ohùn yín sì ń jáde láti inú ẹnu tí kò mira. Ìyá ká ọwọ́ wọn kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

Mo ní, “Ìyá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni o! Ẹ bi wọ́n ní nǹkan!”

Wọ́n ní, “Kí ni mo fi sínú àpò rẹ lọ́jọ́ tí o ń lọ, tí bàbá rẹ ò mọ̀?”

Kò sí ìdáhùn. Mo ka ení, mo ka èjì, mo ka márùn-ún, mo ka mẹ́fà. Ìyá ń wo ẹnu yín tó là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà la tó gbọ́: “Abẹ́rẹ́ mẹ́ta àti òwú dúdú.” Òótọ́ sì ni. Òótọ́ náà ló pa wá, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá yíjú sí mi. Wọ́n ní, “Ta ló ń sọ ọ́ sí i létí? Èmi àti ìwọ nìkan la wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń fi abẹ́rẹ́ sínú àpò yẹn. Ìwọ lo sọ fún wọn.”

“Ìyá, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni!”

“Mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti wà tó ń fi ohùn èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹ bá fún un ní ohùn náà.”

Wọn ò bínú. Bí wọ́n bá bínú ni, ì bá sàn. Wọ́n gbé fóònù súnmọ́ ẹnu, wọ́n sì fi ohùn tí wọ́n fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ wí fún yín pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn rẹ̀ gan-an ni. Ẹ ṣe é tọkàntọkàn, Ọlọ́hun á san án fún yín. Ẹ bá mi kí ìyá tó bí yín.”

Wọ́n wá gbé fóònù fún mi, wọ́n kọjú sí ògiri.

Ẹ pariwo. Ẹ ní, “Ìyá, ẹ̀yin lẹ bí mi! Ẹ̀yin ni!” Ó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e fún mi. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní kí n sinmi.

Ummu.


Oulu,
1 Oṣù Kejìlá.

Ummu,

Ìlà tó kú lára rẹ̀ yẹn ni, tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fà, mi ò mọ̀. Gbé e sí mẹ́wàá. Gbé e sí méjìlá. Ní kí Beatrice gbé ọ̀rá náà sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Má fi àwòrán pè mọ́, ohùn nìkan. Mo ti bi gbogbo àwọn onímọ̀ tó wà níbí. Wọ́n ní kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn, wákàtí tó jẹ́ àti iye nọ́ńbà tí a tẹ̀, pé ó máa wúlò fún iṣẹ́ àwọn. Mo kọ ọ́ fún wọn.

Má jẹ́ kí wọ́n ṣe fìdáù náà. Mo bẹ̀ ọ́. Sọ fún Bàbá Jàbárù. Sọ fún Alfa pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ara mi ò gbà á. Bí ẹnì kan bá bá mi sọ̀rọ̀ níbí, màá dákẹ́ ná kí n tó dáhùn, mò ń wò ó bóyá ó máa dúró gbọ́ mi.

Mò ń pè lójoojúmọ́ ní aago méjì. Ẹ gbé e.

Akóredé.


Durumi,
8 Oṣù Kejìlá.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìrójú.

A gbé e sí mẹ́wàá, a gbé e sí méjìlá. Beatrice sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e sókè. Ìyá ò fọwọ́ kan fóònù mọ́. Bó bá dún, wọ́n á ní, “Àwọn ọmọ yẹn tún ti dé.”

Mo bẹ Bàbá Jàbárù. Wọ́n ní, “Ummu, ẹ̀gbọ́n rẹ wà láàyè, kò sóhun tó máa ṣe é. Ìyá rẹ ló fẹ́ kú. Èwo ni ká gbà?”

Nítorí náà a ṣe é lánàá. Àwọn èèyàn ò pọ̀. Bọ̀dá Toheeb, Beatrice tó jókòó sẹ́yìn tó fi ìborí mi borí, àti àwọn ọlọ́sàn Zuba mẹ́rin. Alfa Saeed kàwé. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti máa ń dárúkọ òkú, wọ́n dárúkọ Bàbá, wọ́n dárúkọ bàbá Bàbá, wọ́n wá dákẹ́. Wọ́n ti ní kò sí bí àwọn ṣe máa dárúkọ yín. Ìyá wá sọ ọ́ fúnra wọn láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. “Akóredé, ọmọ Gàníyátù.” Orúkọ ara wọn ni wọ́n fi kún tiyín.

Alfa ń wo ilẹ̀. Bàbá Jàbárù ló kọ́kọ́ ní àmín. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Ìyá yọjú láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, wọ́n wò mí. Wọ́n ń dúró dè mí.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní àmín.

Mo ti jẹ́wọ́ ohun púpọ̀ fún yín nínú ìwé yìí, èyí ló burú jù, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa tọrọ àforíjì rẹ̀. Mo sọ ọ́ sókè. Mo sọ ọ́ kí wọ́n lè gbọ́.

Ìyá wá sunkún. Látìgbà tí Bàbá ti kú wọn ò tíì sunkún rárá. Wọ́n sun ún títí, Beatrice di wọ́n mú. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n bọ́jú, wọ́n ní kí n bu oúnjẹ wá. Wọ́n jẹun. Wọ́n sùn di òwúrọ̀ láìdìde. Láàárọ̀ yìí wọ́n bi mí pé ọjọ́ mélòó ló kù kí opó àwọn parí, mo ní mọ́kànlá, wọ́n ní ọjà ẹja Kado ni àwọn máa kọ́kọ́ lọ, pé ẹja tí mò ń rà ò dáa.

Mo fẹ́ tọrọ nǹkan kan, kí ẹ tó bú mi ẹ gbọ́ ọ tán. Ọ̀rá náà ṣì wà lójú fèrèsé Beatrice. Àwọn ará ọgbà ní kí a má yọ ọ́, wọ́n ti ń fi wo fíìmù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ yàrá Ìyá báyìí tọ̀sán-tòru. Ìgbàkígbà tí ẹ bá pè ló máa dún, létí wọn, nínú yàrá tí wọ́n ti ń jẹun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mọ́. Ẹ jẹ́ kí ara wọn kọ́kọ́ padà. Bó bá di oṣù Kẹta, tí ẹ bá dé, tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, Ọlọ́hun á mọ bí a ṣe máa ṣe é. Ẹ máa kọ̀wé sí èmi nìkan. Ẹ̀bá títì ni màá ti máa kà á.

Àbúrò yín,
Ummu.


Oulu,
10 Oṣù Kejìlá.

Ummu,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo yọ nọ́ńbà Ìyá kúrò lórí fóònù mi kí ọwọ́ mi má baà ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́.

Mi ò bú ọ.

O ní wọ́n jẹun, o ò sọ ohun tí wọ́n jẹ. Kí ni? Ṣé ìwọ lo sè é? Ṣé wọ́n jẹ ẹ́ tán, àbí ó ṣẹ́kù? Kọ gbogbo rẹ̀ sí mi.

Akóredé.